Wáyà Dúdú

Bátìrì kú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan.
Ẹ̀bi mi ni.
Mo so rọ́bà ọwọ́ tó ń móoru mọ́ ọn ní tààrà,
bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sẹ́nu ọyàn mọ́jú,
ó mu, ó mu, títí ó fi mu ìyá rẹ̀ gbẹ.
Aago márùn-ún ìdájí, àwọn arúgbó tí mò ń wẹ̀ ń retí mi,
mo tẹ bọ́tìnnì, alùpùpù wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan,
ó dákẹ́.
Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ibùdókọ̀,
lórí yìnyín oṣù kẹrin, ní Winnipeg.

Lọ́jọ́ Sátidé, Orest aládùúgbò mi ṣí gáréèjì rẹ̀ fún mi.
Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ò gbọ̀n.
Ó gbé mítà tó ń kọ nọ́ńbà jáde.
Mo dúpẹ́, mo sì mú tèmi jáde lápò:
gílóòbù ẹ̀yìn ọkọ̀ kan, wáyà méjì, ìṣó kan lẹ́nu,
ohun tí ọ̀gá mi Láwuyì kì mọ́ mi lọ́wọ́
níjọ́ tí mo gbòmìnira iṣẹ́ ní Ìkirè.
Ó ní: àwọ̀ wáyà lè parọ́,
ẹni tó tún un ṣe ṣáájú rẹ lè ti parọ́,
iná nìkan ni kò mọ irọ́ pa.
Fi gílóòbù bi í.

Mo bi í.
Wáyà iná ẹ̀yìn: mo ṣí kọ́kọ́rọ́, gílóòbù lajú,
mo pa á, ó dijú.
Òun ni mò ń wá,
wáyà tó mọ ìgbà tí onílé wà nílé.
Mo ya ẹ̀ka kan lára rẹ̀ lọ bá súwíìṣì,
láti súwíìṣì bọ́ sínú rilé, àpótí dúdú bí ìdajì ṣúgà;
iná kékeré kàn ń kanlẹ̀kùn níbẹ̀ ni,
iná ńlá ló ń dìde lórí bátìrì lọ ṣiṣẹ́.
Mo fi fíúùsì ṣíwájú rẹ̀.
Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò kọ́kọ́ kú
kí ilé má baà jó.

Eyín ni mo fi bó ẹnu wáyà. Orest pariwo.
Ó na irin ìbówáyà sí mi, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.
Èyí tó tẹ̀ lé e, eyín náà ni.

Ó wá ku wáyà dúdú, èyí tí yóò dá iná padà sílẹ̀.
Mo fi bóòtù dè é mọ́ ara alùpùpù.
Kò tàn.
Orest fi èékánná ha ibẹ̀: ọ̀dà ni.
Ìwọ rò pé o ti fara kan irin,
ọ̀dà lo fara kàn.
Mo fá a títí irin fi funfun bí eyín ọmọdé.

Ibẹ̀ ni fóònù ti ń jó lórí tábìlì.
Mosúnmọ́lá, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ páànù ni, mo mọ̀ kí n tó gbé e.
Mo máa ń gbé e ṣáá, lójú oorun, lẹ́nu iṣẹ́, ní balùwẹ̀.
Mo ní, "Jọ̀ọ́, jẹ́ ká sọ ọ́ lọ́la."
Ó dákẹ́. Mo ń retí ẹkún.
Ó ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?"

N ò tíì jẹun.

Mo ṣí kọ́kọ́rọ́, mo tẹ súwíìṣì.
Iná kékeré kan, aláwọ̀ ewé, yọjú.
Mo di rọ́bà kan mú, Orest di ìkejì mú,
a dúró bí ẹni ń dúró de omi tó fẹ́ hó.
Ooru dé, díẹ̀díẹ̀, láti inú wá.
Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n,
ṣùgbọ́n kò gbé e kúrò.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́. Iná aláwọ̀ ewé sùn fúnra rẹ̀,
ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́.
Mo tún ṣí i. Mo tún pa á. Mo tún ṣí i.
Orest ní, "Ó tó o,
bátìrì yẹn náà lo tún ń pa."